Asofẹ́yẹjẹ: Orúkọ, Gbòǹgbò àti Ìtàn Ìṣègùn láti Íńdíà dé Akọka

Ìfáárà

Àwọn àgbà Yorùbá gbà pé bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí ni pé ìṣègùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríire. Ìmọ̀ ni, ìmọ̀ náà ní ìwọ̀n, ó ní iye, ó sì ní orúkọ. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ewé kò lè rán ọmọ lọ já a, kò lè bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ eléwé-ọmọ, kò sì lè fi í lé àrólé rẹ̀ lọ́wọ́. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ igi kan ṣoṣo, asofẹ́yẹjẹ, láti ilé àwọn oníṣègùn Yorùbá lọ sí ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, àti láti ibẹ̀ dé ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọka. Ó fi ìtàn igi náà wé ti ìbátan rẹ̀ tí àwọn oníṣègùn Ayurveda ń lò ní Íńdíà. Iṣẹ́ kan náà ni ilẹ̀ méjèèjì fi àwọn igi yìí ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òkìkí wọn gbà dé etí ayé kò dọ́gba. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà kì í ṣe agbára gbòǹgbò. Àkọsílẹ̀ ni, àti ọwọ́ tí wọ́n fi mú orúkọ ẹni tí ó ni ìmọ̀.

Igi Kan àti Àwọn Orúkọ Rẹ̀

Asofẹ́yẹjẹ kì í ṣe ìrókò, kì í sì í ṣe àràbà. Igi kékeré ni, tí ó ń hù ní etí igbó àti nínú oko tí wọ́n ti fi sílẹ̀. Ewé rẹ̀ máa ń yí ẹ̀ka ká ní mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún lójú kan. Bí wọ́n bá dá a, oje funfun ni yóò jáde. Òdòdó rẹ̀ kéré, èso rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí ó bá gbó. Èso yìí ni Yorùbá wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ: a-so-fún-ẹyẹ-jẹ. Orúkọ náà kò dárúkọ àìsàn kankan. Ẹni tí ó ń kọjá lọ yóò rò pé oúnjẹ ẹyẹ lásán ni. Ẹni tí wọ́n fi ojú igi náà hàn ni ó mọ̀ pé inú ilẹ̀, lára gbòǹgbò, ni agbára rẹ̀ wà.

Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Rauvolfia vomitoria. Apá kìíní orúkọ yìí jẹ́ ìrántí Leonhard Rauwolf, oníṣègùn ará Augsburg ní Jámánì, tí ó kú ní ọdún 1596. Charles Plumier, ará Faransé, ni ó fi ìdílé igi náà dá a lọ́lá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Rauwolf ti kú. Apá kejì wá láti ọ̀dọ̀ Adam Afzelius, ará Sweden tí ó ṣa ewéko jọ ní Sàró ní òpin ọ̀rúndún náà. Ó ń sọ pé igi náà máa ń mú ènìyàn bì. Báyìí ni igi tí ó hù ní ilẹ̀ ènìyàn dúdú ṣe ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin kan tí kò bá a pàdé rí.

Ní Íńdíà, ìbátan igi yìí ni Rauvolfia serpentina, tí èdè Sanskrit ń pè ní sarpagandha. Ó kéré sí asofẹ́yẹjẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìbàdí ènìyàn lọ. Àwọn oníṣègùn Ayurveda ń lo gbòǹgbò rẹ̀ fún oró ejò, fún àìróorunsùn àti fún wèrè. Ní agbègbè Bihar, orúkọ tí àwọn ará ìlú mọ̀ ọ́n sí kò ju oògùn wèrè lọ. Nílẹ̀ Yorùbá náà, gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn fi ń mú ara wèrè balẹ̀ tí wọ́n sì fi ń mú un sùn. Òkun àti aṣálẹ̀ wà láàárín àwọn ènìyàn méjèèjì. Síbẹ̀ ibi kan náà ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ dé.

Kì í ṣe igi yìí nìkan ni ó so ìṣègùn méjèèjì pọ̀. Atalẹ̀ àti kànáfùrù wà nínú ìkòkò àgbo Yorùbá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà nínú oògùn Ayurveda. Efinrin tí àwọn ìyá ń fún nítorí inú rírun jẹ́ ìbátan tulsi tí àwọn ará Íńdíà ń gbìn sí iwájú ilé. Dóńgóyárò pàápàá, tí àwọn ará Èkó ń sè nígbà ibà bí ẹni pé àwọn baba ńlá wọn ni ó gbìn ín, igi Íńdíà ni. Láti Gánà ni wọ́n ti gbé hóró rẹ̀ wọ Bọ̀rnó ní ọdún 1928, orúkọ tí Yorùbá sì ń pè é, lọ́wọ́ àwọn Haúsá ni wọ́n ti gbà á.

Ibi tí ìṣègùn méjèèjì ti yà ni ọ̀nà ìpamọ́. Ayurveda ní ìwé. Àwọn ìwé tí wọ́n fi orúkọ Charaka àti Sushruta pè ti wà ní èdè Sanskrit fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ti Yorùbá wà nínú ẹsẹ Ifá, nínú ọfọ̀, àti nínú ìkọ́ṣẹ́ láàárín ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́. Ìtàn kan nínú Ifá sọ pé Ọ̀rúnmìlà rán Ọ̀sanyìn lọ ṣán oko. Ọ̀sanyìn dé oko, kò rí ewéko tí ó lè gé, nítorí pé bí ó ṣe ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń pe orúkọ rẹ̀ tí ó sì ń sọ àìsàn tí ó ń wò. Nínú ìtàn yìí, ẹni tí ó mọ orúkọ ni ó ni oògùn.

Bí Gbòǹgbò Íńdíà Ṣe Dé Etí Ayé

Ní ọdún 1931, ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà tí ó yí ìtàn sarpagandha padà. Gananath Sen àti Kartick Chandra Bose kọ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, wọ́n ní gbòǹgbò náà ń ran àwọn alárùn ọpọlọ lọ́wọ́, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní ọdún kan náà, Salimuzzaman Siddiqui àti Rafat Siddiqui yọ àwọn èròjà jáde lára gbòǹgbò yìí. Wọ́n pe ọ̀kan nínú wọn ní ajmaline, láti fi bu ọlá fún Hakim Ajmal Khan, gbajúmọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Delhi, tí ó ti kú ní ọdún 1927. Ó yẹ kí ònkàwé fi ọkàn sí èyí dáadáa. Onímọ̀ kẹ́mísírì tí ó kàwé ní Jámánì ni Salimuzzaman Siddiqui. Nígbà tí ó tó àkókò láti sọ nǹkan lórúkọ, oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ó rántí.

Ní ọdún 1949, Rustom Jal Vakil, dókítà ọkàn ní Mumbai, tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí gbòǹgbò náà àti ẹ̀jẹ̀ ríru jáde nínú British Heart Journal. Àpilẹ̀kọ yìí ni ó la ojú àwọn dókítà òyìnbó. Ní ọdún 1952, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Ciba ní Basel yọ reserpine jáde. Ní ọdún 1954, Nathan Kline ròyìn bí oògùn náà ṣe mú ara àwọn alárùn ọpọlọ balẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ New York. Ní ọdún 1956, Robert Burns Woodward kéde bí wọ́n ṣe lè to reserpine pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìlo gbòǹgbò. Ní Sweden, Arvid Carlsson fún àwọn ehoro ní reserpine títí wọn kò fi lè mira, ó sì fi L-dopa mú wọn padà bọ̀ sípò. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ìmọ̀ nípa dopamine àti ìtọ́jú àrùn Parkinson ti jáde, òun sì ni wọ́n fi fún Carlsson ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000.

Bí ọjà gbòǹgbò Íńdíà ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tán nínú igbó. Ìjọba Íńdíà dí títà rẹ̀ sí òkèèrè kù, àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn sì yí ojú sí Áfíríkà. Wọ́n rí i pé reserpine inú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ pọ̀ ju ti sarpagandha lọ. Igi tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti mọ̀ di ọjà àgbáyé, ṣùgbọ́n orúkọ Íńdíà ni òkìkí náà ń jẹ́.

Yàbá àti Abẹ́òkúta

Ní ọdún 1907, ìjọba amúnisìn ṣí ilé àwọn alárùn ọpọlọ sí Yàbá, ní tòsí ibi tí Akọka wà lónìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtọ́jú tí ó wà níbẹ̀ kò ju ìhámọ́ lọ. Wọ́n kó àwọn ènìyàn pamọ́ kí wọ́n má baà da ìgboro rú. Àwọn olùwádìí tí ìjọba rán, títí kan Robert Cunyngham Brown tí ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1938, rí i pé nǹkan kò dára. Ní àsìkò yìí kan náà, àwọn ẹbí tí wèrè bá kọlu ọmọ wọn ń gbé e lọ sí ilé oníṣègùn, níbi tí gbòǹgbò wà. Kò yẹ kí ìtàn bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà ní ilé ọ̀pọ̀ oníṣègùn, pàṣán náà sì wà. Ṣùgbọ́n nínú ilé méjèèjì tí wọ́n ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀, ọ̀kan ní oògùn, èkejì kò ní.

Ọdún 1954 ni Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, padà wá ṣe olórí iṣẹ́ ní Aró. Ó ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú lójúmọ́. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ìgbà tí èyí jẹ́ ohun ẹ̀gàn lójú ọ̀pọ̀ dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Inú àyè tí Lámbò là sílẹ̀ yìí ni Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà, bọ́ sí nígbà tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Aró láàárín ọdún 1957 sí 1959. Ó lọ sí ilé àwọn oníṣègùn, ó wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wèrè, ó sì rí i pé asofẹ́yẹjẹ wà lára ohun tí wọ́n gbójú lé. Ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1960 nínú American Journal of Psychiatry. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín àpilẹ̀kọ Sen àti Bose àti ti Prince. Nínú àlàfo yìí ni ìtàn asofẹ́yẹjẹ ti sọnù. Àwọn ará Íńdíà fi ọwọ́ ara wọn kọ ti wọn. Àlejò ni ó kọ ti Yorùbá, lẹ́yìn tí reserpine ti di oògùn inú ìgò.

Bẹ́ẹ̀ ni ìgò náà kò pẹ́ tí àbùkù rẹ̀ fi hàn. Reserpine máa ń fa ìbànújẹ́ ọkàn fún àwọn kan, ó sì máa ń mú ara àwọn mìíràn gbọ̀n. Chlorpromazine, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Faransé ní ọdún 1952, gba ipò rẹ̀ ní ilé àwọn alárùn ọpọlọ. Ohun tí èyí kọ́ ènìyàn ni pé gbòǹgbò líle ni asofẹ́yẹjẹ, ìwọ̀n sì ni ó ya oògùn rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé. Bí ìmọ̀ ìwọ̀n bá kú mọ́ ẹni tí ó ni ín nínú, ewu ni ó ṣẹ́kù nínú igbó.

Akọka: Ewé Di Àkọsílẹ̀

Ọdún 1962 ni wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀. Gíwá àkọ́kọ́ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, onímọ̀ ewéko ni. Nígbà tí yunifásítì náà fìdí múlẹ̀ sí Akọka, létí ọ̀sà, ìmọ̀ ewéko ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì dá ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí sílẹ̀. Hẹbéríọ́ọ̀mù ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ibẹ̀, lẹ́tà LUH ni wọ́n sì fi mọ ti Akọka káàkiri àgbáyé.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ní ariwo. Wọn yóò gé ẹ̀ka tí ó ní ewé àti òdòdó tàbí èso, wọn yóò tẹ́ ẹ sáàárín bébà, wọn yóò fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́ tí wọ́n já a àti orúkọ ẹni tí ó já a, wọn yóò sì fún un ní nọ́ńbà. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá yẹ oògùn kan wò ní yàrá ìwádìí yóò lè sọ nọ́ńbà ewé tí ó lò. Bí iyàn bá sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, ewé náà ṣì wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí.

Ìdí tí ẹ̀rí yìí fi ṣe pàtàkì ni pé orúkọ ewé kì í dúró lójú kan. Bí ènìyàn bá sọ pé efinrin ni òun lò, ìbéèrè ṣì kù: efinrin ńlá ni tàbí efinrin wẹ́wẹ́? Igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú onímọ̀ ewéko. Ewé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú ọgbẹ́ ni àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní Awólọ́wọ̀. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewéko yìí ti wá, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó dé Nàìjíríà. Ìjà òṣèlú ni ó fún un ní orúkọ méjèèjì. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ kan sílẹ̀ láìfi ewé tì í ti kọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Àwọn mìíràn ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ibòmíràn. Pierre Fátúmbí Verger, ará Faransé tí wọ́n tẹ̀ ní Ifá ní Kétu ní ọdún 1953, kó ewé, oògùn àti ọfọ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé rẹ̀ ńlá, Ewé, jáde ní Brazil ní ọdún 1995. Ní Ìbàdàn, Z. O. Gbilẹ̀ tẹ àkójọ orúkọ ewéko ní èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1984. Ní Akọka, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Èkó gbé ìwé méjì jáde tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Tolu Odugbemi ṣe olóòtú wọn lórí àwọn ewéko oògùn ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀kan ní ọdún 2006, èkejì ní ọdún 2008. Onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn ni Odugbemi, ó sì di Gíwá yunifásítì náà. Nínú àwọn ìwé yìí, orúkọ Látìn àti orúkọ ìbílẹ̀ wà lójú ewé kan náà pẹ̀lú àwòrán, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ asofẹ́yẹjẹ rí sì lè wò ó kí ó dá a mọ̀.

Síbẹ̀, géètì yunifásítì náà ṣì jẹ́ ààlà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàrígà àti Ṣómólú wà, níbi tí àwọn alágbo ń gbé ike àti ìgò kiri láàárọ̀ tí eléwé-ọmọ sì ń di ewé ní ìdì ní ìdì fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Àwọn obìnrin yìí mọ orúkọ, wọ́n mọ àsìkò, wọ́n mọ ewé tí wọn kì í pọ̀ mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú géètì ni nọ́ńbà wà; ìta ni ìlò wà.

Ta Ni Ó Ni Ewé?

Ìtàn oògùn kan fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ṣe pàtàkì tó. Àlùfáà P. O. Ogunyale, ọmọ Yorùbá, ní oògùn ìdílé fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó fi ìmọ̀ rẹ̀ han ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, tí àgékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NIPRD. Ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe oògùn náà. Wọ́n pè é ní Niprisan. Ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà gba àṣẹ láti ṣe é, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Nicosan, àjọ NAFDAC sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2006. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè, oògùn náà sì di ohun tí àwọn aláìsàn ń wá tì.

Ẹni tí ó bá gbé orúkọ mẹ́ta kalẹ̀ yóò rí ọ̀nà mẹ́ta. Ajmaline ń rántí oníṣègùn ìbílẹ̀. Niprisan ń rántí ilé-iṣẹ́ ìjọba. Reserpine kò rántí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn tí Prince lọ bá ní ilé wọn kò ní oògùn kankan tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn. Àdéhùn Nagoya ti ọdún 2010 sọ pé ó yẹ kí àwọn tí ó ni ìmọ̀ ìbílẹ̀ pín nínú èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpín kò lè tẹ ẹni tí kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé lọ́wọ́. Èyí ni ìdí tí oníṣègùn kan fi lè kọ̀ láti sọ ohun tí ó mọ̀. Àwọn kan ń pe irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ahun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rí bí wọ́n ṣe ń gba ìmọ̀ tí wọ́n sì ń gbàgbé olóhun kò ṣẹ̀ bí ó bá pa ẹnu mọ́. Àdánù rẹ̀ ni pé bí ó bá kú, ìwọ̀n bá a lọ.

Ìkádìí

Igi náà pàápàá kò ní dúró de ìjíròrò. Ẹni tí ó já ewé fi igi sílẹ̀. Ẹni tí ó wú gbòǹgbò gbé igi lọ. Ní ọdún 1990 ni wọ́n fi sarpagandha sí abẹ́ àdéhùn CITES, tí ó ń ṣọ́ ọjà ẹ̀dá àti ewéko tí ó lè parun, nítorí pé ìwúlò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run nínú igbó. Asofẹ́yẹjẹ ṣì ń hù ní etí oko, ṣùgbọ́n oko tí ó wà ní àyíká Èkó ń di ilé.

Ìtàn tí àpilẹ̀kọ yìí tọ̀ fi hàn pé ìmọ̀ Yorùbá kò rẹ̀yìn sí ti Íńdíà lórí gbòǹgbò yìí. Ohun tí Íńdíà ní ni àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n gbà pé ohun ilé àwọn tó ohun à ń kọ sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ ní kùtùkùtù. Lámbò ṣí ilẹ̀kùn náà ní Aró. Akọka ti ń ṣe apá tirẹ̀ nípa dídi orúkọ mọ́ ewé, kí ọ̀kan má baà ṣìnà láìsí èkejì. Ṣùgbọ́n lórí páálí tí wọ́n lẹ ewé mọ́, orúkọ ẹni tí ó já a ni ó máa ń wà. Ti ìyá tàbí baba tí ó kọ́ ọ ní orúkọ àti ìlò ewé náà kì í sábà ní àyè. Ìlà kan péré ni yóò gbà. Ìlà náà ni ewé tí ó kù.